Àlàfo Kì í Ní Bèbè Kan

Láti ọdún 1980 tí wọ́n ti yan Ronald Reagan sípò ààrẹ ni àwọn tí ń ṣe ìwádìí èrò olùdìbò ní Amẹ́ríkà ti ń pariwo pé obìnrin àti ọkùnrin kò dìbò bákan náà mọ́. Kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo lòdì sí ni ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e: ‘Kí ní ń ṣe àwọn obìnrin?’

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò náà. Ní ọdún 1976, nǹkan bí 48 nínú 100 obìnrin ni ó dìbò fún Gerald Ford, olùdíje ẹgbẹ́ Republican. Iye kan náà ni ti ọkùnrin. Ní 1980, tí Reagan gba àsíá ẹgbẹ́ náà, ti obìnrin jẹ́ nǹkan bí 47, ti ọkùnrin sì gòkè dé 55. Ta wá ni ó kúrò níbi tí ó wà? Obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ọkùnrin ni ó ṣí lọ. Síbẹ̀, obìnrin ni wọ́n ń bi léèrè. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà!

Ẹni tí ó bá fi ọkùnrin ṣe òṣùwọ̀n yóò máa rí obìnrin bí àṣìṣe. Obìnrin pàápàá kò sì fẹnu kò: ní 2024, nǹkan bí 9 nínú 10 obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó yan Kamala Harris, ṣùgbọ́n ó lé ní ìdajì obìnrin aláwọ̀ funfun tí ó yan Donald Trump. Ẹ bi ọkùnrin náà léèrè ibi tí ó ń lọ.