Ààtàn Olówó, Àgbàlá Tálákà

Ààtàn ní í gba ilẹ̀, ààtàn ní í gba ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọlúàbí tí í sọ àgbàlá ẹlòmíràn di ààtàn ara rẹ̀. Ohun tí ojú àwọn ará Àbíjàn, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, rí lóṣù kẹjọ ọdún 2006 nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú omi Probo Koala, tí ilé-iṣẹ́ Trafigura háyà, gbé ẹ̀gbin kẹ́míkà tó 528,000 lítà dé èbúté ìlú náà. Ní Amsterdam, lóṣù keje, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀gbin yìí béèrè nǹkan bí 1,000 yúrò lórí ẹgbẹ̀rún lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rù kọ̀. Ọkọ̀ gbé e padà, ó ya Estonia, ó ya Èkó pàápàá, kí ó tó dé Àbíjàn. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Tommy, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé àṣẹ, ti gbà á ní nǹkan bí dọ́là 35. Òru ni wọ́n fi ọkọ̀ táńkà dà á sí ààtàn Akouédo àti káàkiri ìlú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn bí ẹyin ọ̀bu gba ìgboro. Imú ń ṣẹ̀jẹ̀, àwọn ènìyàn ń bì, èémí ń há wọn láyà. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó wá ìtọ́jú. Ìjọba ibẹ̀ ní ènìyàn 15, ó kéré tán, ló kú. Trafigura jiyàn pé ẹ̀gbin òun kò lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ní 2007 ó san bílíọ̀nù 95 owó CFA fún ìjọba náà, wọ́n sì pa ẹjọ́ rẹ̀ tì níbẹ̀. Ọ̀gá Tommy gba ẹ̀wọ̀n 20 ọdún ní 2008. Ní 2023, Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà, tí ó wà ní Arusha, dá ìjọba Côte d'Ivoire lẹ́bi pé kò dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sófin. Láti 1988 tí wọ́n ti kó ẹ̀gbin olóró láti Ítálì wá sí Kókó ní Nàìjíríà ni ìjọba wa ti ṣòfin tirẹ̀. Ní 1991 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe àdéhùn Bamako. Òfin kò sùn, ẹni tí ó yẹ kí ó ṣọ́nà ni ó sùn.

Nítorí náà, kí àwọn aṣọ́bodè wa máa wo iye owó kí wọ́n tó wo ìwé. Ohun tí wọ́n ń béèrè 1,000 láti fọ̀ mọ́ nílẹ̀ òyìnbó, tí ẹnìkan ní 35 tó òun, kò sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Ìyókù owó náà, imú àwọn ọmọ Akouédo ni ó san án.