Àádọ́ta Ọdún Plateau: Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Olóko Èso

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Jos! Ẹ kú àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún! Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala Mohammed pín Benue-Plateau sí méjì, tí Plateau di ìpínlẹ̀, tí Jos sì jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta, tí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó fi jáde. Ọjọ́ kan náà la dáyé. Bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá wá ń kí ará Jos lónìí, ẹ má pè é ní àlejò tó ń ṣe ojú ayé. Ẹgbẹ́ ló ń kí ẹgbẹ́.

Mo mọ̀ pé lásìkò ayẹyẹ báyìí, àwọn gómìnà àti àwọn ọ̀gágun ni wọ́n sábà máa ń kí. Ó yẹ wọ́n. Yakubu Gowon tó ṣe olórí Nàìjíríà láti 1966 di 1975, ọmọ ẹ̀yà Ngas ni, ọmọ ilẹ̀ Plateau ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo gbé ìlù wá kí kò wọ aṣọ ológun. Bàbá tó ń fa omi sí ebè sitirọ́bẹ́rì ní Chaha ni mo wá kí, àti ìyá tó gbé abọ́ èso atile kalẹ̀ létí títì, àti àwọn ọmọ tó ń bá wọn já èso kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Àrokò-bọ́dún-dé o! Ajé á wọgbá o!

Ilẹ̀ Jos ga. Ó tó mítà 1,200 sókè ju òkun lọ, àwọn òkè Shere sì tún yọrí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú níbẹ̀ nígbà tí Ìbàdàn ń làágùn. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹwàá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí àgbẹ̀ ibòmíràn fi ọkọ́ kọ́ àjà, ìgbà náà ni tàwọn ará Jos tún ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kó àgbàdo àti ọkà acha wọlé, wọ́n á wá yíjú sí oko ẹ̀bá omi.

Omi wo? Ibẹ̀ gan-an ló dùn sí. Àwọn òyìnbó tó wá wa kùsà ní Plateau láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, kòtò ni wọ́n fi sílẹ̀ káàkiri Bukuru àti Barkin Ladi. Òjò kún àwọn kòtò náà, wọ́n di adágún. Nínú adágún wọ̀nyí ni ẹ̀rọ kékeré ti ń fa omi sórí ebè ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó kó kùsà lọ ò ro tàgbẹ̀ rárá; àgbẹ̀ sì rọra sọ kòtò rẹ̀ di kànga. Mi ò mọ ẹ̀san tó dùn jùyẹn lọ.

Sitirọ́bẹ́rì ò fẹ́ ooru, ìyẹn ló fi rí ilé sí Chaha, ní agbègbè Vwang, ìjọba ìbílẹ̀ Jos South. Èso tí kò ní èèpo ni, ọwọ́ líle ń bà á jẹ́. Kùtùkùtù ni wọ́n ń já a, tòun ti ewé orí rẹ̀, kí oòrùn tó mú. Kò ṣeé tọ́jú pẹ́. Bí kò bá tètè tà, àdánù dé.

Atile ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí òun ni dúkìá ìdílé. Igi ńlá ni, ó ga ju orí ilé lọ, kì í sì í yára so. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbìn ín, ọmọ rẹ̀ ló gbìn ín fún. Ní Pankshin àti Mangu, ẹ ó bá igi tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ bí ẹni fi ilé sílẹ̀. Èso rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Bí ẹ bá rà á, ẹ má sè é o. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ dà lé e, kí ẹ dé e. Bí omi bá hó, èso náà á le, ẹ ó sì máa bú ẹni tó tà á láìṣẹ̀. Tó bá rọ̀ tán, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: ẹran ara rẹ̀ á ṣí, òróró á máa dán lọ́wọ́ yín. Ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kóró rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ó le bí ọta. Ọmọ inú rẹ̀ ṣeé jẹ fún ẹni tó bá ní òkúta tó dára láti fi fọ́ ọ. Wọ́n tún ń fún òróró lára rẹ̀, wọ́n fi ń se ọbẹ̀.

Kí la fẹ́ sọ nípa títà? Ọjà ńlá Jos tí wọ́n ṣí ní 1985 jóná ní 2002. Àwọn kan ní òwò ìlú ti parí. Àwọn ìyá gbé àtẹ wọn sétí títì, wọ́n ń tà lọ. Ní ọjà Farin Gada, mọ́tò ṣì ń di tòmátì àti ànàmọ́ òyìnbó, ó ń kó wọn lọ sí ọjà Mile 12 l'Ékòó. Àwa Yorùbá náà wà níbẹ̀: láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Bukuru ní 1914 ni àwọn èèyàn wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ò sì mọ ilé mìíràn.

Kò rọrùn fún àwọn àgbẹ̀ Plateau, mi ò sì ní fi ìlù bò ó mọ́lẹ̀. A rántí rògbòdìyàn Jos ti 2001, ti 2008, ti 2010. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2023, nígbà tí ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ni wọ́n kọlu àwọn abúlé ní Bokkos. Oko mìíràn di ahoro. Ẹni tó padà gbé ọkọ́ lẹ́yìn irú èyí, òun gan-an ni ayẹyẹ yìí tọ́ sí.

Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ọdún á yabo. Ilẹ̀ á gbè yín, ọmọ yín á jogún igi yín ní àlàáfíà, ẹ ó tà, ẹ ó jèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé l'Ọ́yọ̀ọ́, l'Ógùn àti l'Óǹdó, ẹ̀yin náà pé àádọ́ta, ẹ kú oríire. Níbi àsè yín, ẹ fi èso Jos kún orí tábìlì. Bí ẹ bá sì dé Jos lásìkò ọyẹ́, ẹ ra òṣùwọ̀n mudu atile kan, ẹ má ná ìyá náà jù, kí ẹ sì bi í léèrè abúlé tí igi rẹ̀ wà.