Ọjọ́ Pé, Ayé Kò Parẹ́, Ìjọ Kò sì Tú

Ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Oǹdó kó ènìyàn 77 jáde nínú ilé ìjọsìn kan ní àdúgbò Valentino, ní ìlú Oǹdó. Ọmọdé 26 wà nínú wọn. Gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá ti wí, igbákejì pásítọ̀ ìjọ náà ló sọ fún wọn pé oṣù Kẹrin ni ìgbàsókè yóò wáyé. Nígbà tí oṣù Kẹrin kọjá, ó ní oṣù Kẹsàn-án ni. Ìròyìn náà kàn káàkiri, ẹ̀rín sì pọ̀ ju àánú lọ. Àwọn kan ní òpè ni wọ́n, àwọn kan ní ebi ló ń pa wọ́n, àwọn mìíràn ní wọ́n ti fi oògùn mú wọn. Oṣù Kẹsàn-án náà dé, ó sì lọ.

Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ènìyàn gba àsọtẹ́lẹ̀ kan gbọ́ kò yani lẹ́nu. Bí a ti ń wọ ọdún tuntun kọ̀ọ̀kan ni àwọn olókìkí ń jókòó sórí pẹpẹ tí wọ́n ń sọ ohun tí ọdún yóò mú wá, ìdajì ìlú sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ti oṣù Karùn-ún ni ká bi ara wa. Oṣù Kẹrin ti tán, kò sí ẹni tó gòkè lọ, kí ló dé tí wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lórí ilẹ̀. Àgbẹ̀ kan wà ní Low Hampton, ní ìpínlẹ̀ New York, William Miller lorúkọ rẹ̀. Ó ti jagun rí, ó sì ti fìgbà kan jẹ́ ẹni tí kò ka Bíbélì kún, kó tó di ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó jókòó ti ìwé Dáníẹ́lì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mú ọjọ́ 2,300 tó wà ní orí kẹjọ, ó sọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan di ọdún kan, ó ní Jésù yóò padà wá láàrin oṣù Kẹta 1843 sí oṣù Kẹta 1844. Nígbà tí gbèdéke yẹn kọjá, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan, Samuel Snow, tún ìṣirò náà ṣe, ó sì mú ọjọ́ kan ṣoṣo: ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 1844. Miller fúnra rẹ̀ lọ́ra títí oṣù náà fi wọlé kó tó fara mọ́ ọn.

Àwọn àgbẹ̀ kan fi ọ̀dùnkún wọn sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan ti ìsọ̀. Àwọn mìíràn san gbèsè tí wọ́n jẹ, kí wọ́n má baà gbé e dé iwájú Olúwa. (Ìtàn tó gbòde pé wọ́n wọ aṣọ funfun gun orí òkè lọ, àwọn òpìtàn tó wádìí rẹ̀ kò rí ẹ̀rí gidi kankan fún un, ẹnu ẹlẹ́yà ló ti jáde.) Wọ́n ṣọ́ òru mọ́jú. Hiram Edson, ọ̀kan nínú wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ẹkún ni àwọn sun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Púpọ̀ nínú wọn lọ. Àwọn kan padà sí ìjọ tí wọ́n ti wá, àwọn kan kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Edson ti ń gba inú oko àgbàdo kọjá ní Port Gibson, ó ní òye kan là sí òun: ọjọ́ náà kò yẹ̀, ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ṣì mú. Jésù kò ní í wá sí ayé lọ́jọ́ náà. Ibi Mímọ́ Jùlọ ní ọ̀run ló wọ̀. Kò sì sí ẹni tó lè gòkè lọ wò ó. Lára ìwọ̀nba àwọn tó gba àlàyé yìí ni Ìjọ Seventh-day Adventist ti jáde, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Battle Creek, ní Michigan, ní 1863. Ní 1914, míṣọ́nnárì wọn, David Babcock, dé sí Ẹ̀rúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì tó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ń jẹ́ lónìí. A ní láti sọ ọ́ bó ti rí: ìjọ yẹn kì í dá ọjọ́ mọ́, ó sì ti kọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìṣirò Miller kò kú. Nelson Barbour wà lára àwọn tí ìjákulẹ̀ 1844 bá ní ọ̀dọ́. Ó tún un ṣe, ó mú 1873, ó sún un sí 1874. Nígbà tí ojú kò rí nǹkan kan, wọ́n ní Jésù ti dé, ojú ni kò lè rí i. Charles Taze Russell pàdé Barbour ní 1876, ó sì gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló tọ́ka àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sí 1914. Ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbàsókè tí wọ́n ń retí kò wáyé. Russell kú ní 1916. Rutherford tó rọ́pò rẹ̀ mú 1925, ó ní Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù yóò jíǹde wá sí ayé. Ọdún kẹrin lẹ́yìn tí wọn kò wá, wọ́n kọ́ ilé ńlá kan sí San Diego pé àwọn bàbá náà ni yóò gbé ibẹ̀. Rutherford ló gbé e.

Àwọn ọmọlẹ́yìn yìí ló wá ń jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà láti 1931. Ní 1966, ìwé kan jáde láti oríléeṣẹ́ wọn pé ìgbà ìwọ́wé ọdún 1975 ni ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà yóò pé tí Ọlọ́run ti dá Ádámù. Wọn kò kọ ọ́ ní gbangba pé Amágẹ́dọ́nì yóò jà lọ́dún yẹn; wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ sílẹ̀ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ní 1974, ìwé ìpàdé wọn yin àwọn ará tó ta ilé wọn kí wọ́n lè fi àkókò tó kù ṣe iṣẹ́ aṣáájú-ọ̀nà, ìyẹn iṣẹ́ ìwàásù àkókò kíkún. Ẹni tó bá gbọ́ irú oríyìn bẹ́ẹ̀ kò nílò kí wọ́n tún dárúkọ ọdún fún un.

1975 kọjá. Ní oṣù Keje 1976, Ilé Ìṣọ́, ìwé ìròyìn wọn, kọ̀wé pé bí ẹnikẹ́ni bá ní ìjákulẹ̀, kó tún èrò ara rẹ̀ ṣe, nítorí òye rẹ̀ ló gbé ka ìpìlẹ̀ tí kò tọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé ẹrù náà kà. Ó di 1980 kí àwọn aṣáájú tó kọ ọ́ pé ó dun àwọn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn tẹ̀ jáde ló ru ìrètí náà sókè. Iye àwọn akéde, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ tó ń jáde wàásù, dín díẹ̀ ní ọdún bíi méjì, lẹ́yìn náà ó tún ń gòkè. Lónìí wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ.

Yorùbá ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nínú ọ̀rọ̀ òpin ayé, ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an ni òtítọ́ máa ń lé e bá, wọ́n á sì ní kí òtítọ́ dúró síta.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí. Ìwé tí Leon Festinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1956, lórí ẹgbẹ́ kékeré kan lẹ́bàá Chicago tó ń retí ìkún omi ní oṣù Kejìlá 1954, ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Wọ́n ní bí àsọtẹ́lẹ̀ bá já sófo, onígbàgbọ́ á túbọ̀ wàásù kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí náà ló yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ ọ̀hún bí ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀rí irú wọn kò sì lè dá dúró. Àwa kò rò pé inú ọpọlọ nìkan ni ìdáhùn wà.

Ẹ wo ohun tí ìjọ jẹ́ fún ẹni tó wà nínú rẹ̀ níhìn-ín. Ìjọ ló sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Inú ìjọ ló ti rí ìyàwó fẹ́. Nígbà tí wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́, arákùnrin kan nínú ìjọ ló mú un wọ ibòmíràn. Ìjọ dá owó nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Lékè gbogbo rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá kú lọ́la, àwọn ará ìjọ ni yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí akọrin yóò tẹ̀lé òkú, tí alága yóò kí i níwájú ẹbí àna. Ẹni ọgọ́ta ọdún tó bá kúrò nítorí pé ìṣirò kan kò bọ́ sí i, ta ni yóò sin ín? Nínú ìjọ tí wọ́n ti máa ń yọni lẹ́gbẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ bíbí inú rẹ̀ lè má bá a jẹun mọ́. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà dẹ okùn èyí díẹ̀ ní 2024, wọ́n ní ará lè kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Ìjọba, ilé ìpàdé wọn. Ó dára, kò tíì tó.

Nítorí náà, ẹni tó dúró kì í ṣe òpè lójú wa. Ó ti wo ohun tó máa pàdánù, ó sì ti wo ohun tó máa jèrè. Ẹni tó lóye ìyẹn dáadáa ni aṣáájú tó dá ọjọ́, orí rẹ̀ sì ni ìdájọ́ wa dá lé.

Àwọn aṣáájú náà kò dọ́gba. Miller jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ṣìṣe nínú ọjọ́ tí òun dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di ìrètí rẹ̀ mú títí ó fi kú ní 1849. Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní California, dá 21 oṣù Karùn-ún 2011. Nígbà tó kọjá, ó sún un sí oṣù Kẹwàá. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kan ti ná owó ìpamọ́ wọn tán lórí pátákó ìpolówó. Ní 2012, ó kọ lẹ́tà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun dá. Ẹni 90 ọdún ni. Ó ṣòro, ó sì ṣe é. Owó pátákó kò padà. Ní Kanungu, ní Uganda, ìparí ọdún 1999 ni àwọn aṣáájú ìjọ kan dá. Nígbà tó kọjá, àwọn ọmọ ìjọ tó ti ta ilẹ̀ àti màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun ìní wọn. Ní 17 oṣù Kẹta 2000, iná jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn mọ́ ilé ìjọsìn tí wọ́n ti dí fèrèsé rẹ̀ pa. Ní Shakahola, ní Kẹ́ńyà, òkú tí wọ́n wú jáde láti 2023 lé ní 400, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ebi pa nítorí oníwàásù wọn ní ààwẹ̀ ni yóò mú wọn rí Jésù.

Ìjọba kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú ìtumọ̀ ìwé Dáníẹ́lì, a kò sì fẹ́ ọlọ́pàá tí yóò máa yẹ ìwàásù wò. Owó ni kí wọ́n wò. Lọ́dún 2022 kan náà, ìròyìn jáde láti Ọ̀mùò-Òkè ní Èkìtì pé pásítọ̀ kan ń béèrè ₦310,000 lọ́wọ́ ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan fún ìrìn-àjò ọ̀run. Ẹni tó gba owó lórí ọjọ́ tí kò pé, kó dá a padà, bí oníṣòwò èyíkéyìí yóò ti dá a padà. Ìjọ tó bá sì dá ọjọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó má lọ yọ ojú ìwé náà nígbà tí ọjọ́ bá kọjá. Kí ìjọba wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ pẹ̀lú: ọmọdé 26 tó wà ní Valentino kò yan ìjọ kankan fúnra wọn. Ọlọ́pàá ní àwọn kan ti pa ẹ̀kọ́ wọn tì. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé òbí gbọ́dọ̀ mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé, kò sì yọ ọmọ tó ń dúró de ìgbàsókè sílẹ̀.