Ẹ Gbé Epo Pupa Yẹn Sílẹ̀, Ẹ Tẹ́tí sí Èémí Ọmọ

Epo pupa dára nínú ẹ̀wà, ó sì dára nínú àsáró. Ọ̀fun ọmọ tí kò rí èémí fà kọ́ ni ibi tó yẹ ẹ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tí èmi àti àwọn òbí fà tó ọ̀rọ̀ epo yìí. Wọ́n á gbé ọmọ wọlé, èémí rẹ̀ á máa dún hììn, hììn, epo á ti pọ́n aṣọ rẹ̀ láyà. Bí mo bá bi ìyá ọmọ pé kí ló rọ fún un, ìyá àgbà tó tẹ̀ lé wọn ló máa ń dáhùn: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló dí i lọ́fun, kó lè yọ́ ni."

Kò lè yọ́ ọ. Ọ̀nà oúnjẹ ọ̀tọ̀, ọ̀nà èémí ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà méjèèjì fara kanra nínú ọ̀fun. Ọmọ tó ń jà fún èémí kò ráyè gbé nǹkan mì. Epo ni o, àdí ni o, àgbo ni o, èyí tí ẹ bá rọ sí i lẹ́nu lásìkò yẹn lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mo ti rí ọmọ tí àìsàn tó gbé e wá lọ tán, tó jẹ́ pé epo tó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni kò jẹ́ ká lè dá a padà sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe dípò rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa rédíò, ẹ ní kí àwọn ará ilé dákẹ́, kí ẹ fetí sílẹ̀. Ṣé ìgbà tí ọmọ ń fa èémí sínú ni ariwo náà ń jáde ni? Òkè ni wàhálà wà nìyẹn, ní ọ̀fun tàbí gògóńgò. Bó bá jẹ́ ìgbà tó ń mí síta ló ń súfèé, inú àyà nísàlẹ̀ ni, bíi ti asthma, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ẹ wo kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọrùn, lókè igbá àyà. Bó bá ń jìn wọlé ní gbogbo ìgbà tó ń mí, tí ẹran àárín ìhà rẹ̀ náà ń wọnú, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ọmọ yẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la nílé. Bí ètè rẹ̀ bá ti ń ṣú, ó ti ń pẹ́ jù.

Ẹ má fi ti àgbàlagbà wé ti ọmọdé. Ibi tó fún jù ní ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ ní fífẹ̀. Bí ara ibẹ̀ bá wú ní mìlímítà 1 péré yíká, mìlímítà 2 ló kù, ààyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá á wá di ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí tàwa àgbà bá wú bẹ́ẹ̀, ohùn wa lè kàn ha ni.

Àwọn ọmọ kan wà tí èémí wọn ti ń dún láti bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, torí pé gògóńgò wọn ṣì rọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Dókítà ni kó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín o, kì í ṣe aládùúgbò.

Ọmọ tí ọ̀fìnkìn ti ń yọ lẹ́nu fún ọjọ́ kan tàbí méjì, tó wá jí lóru tó ń wúkọ́ bí ajá tó ń gbó, kòkòrò àrùn ló mú kí ọ̀fun rẹ̀ wú. Oògùn dexamethasone, ẹ̀ẹ̀kan péré, ló sábà máa ń tó, kò sì wọ́n. Dókítà ló máa wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibà bá le lára ọmọ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó tẹ̀ síwájú tí kò fẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ má fi dandan dá a dùbúlẹ̀, ẹ má sì ti ìdí ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu pé ẹ fẹ́ wo ọ̀fun. Ẹ jẹ́ kó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ bó ṣe fẹ́, kí ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ń dènà kòkòrò kan tó máa ń fa irú èyí, ó sì tún ń dènà diphtheria, àrùn ọ̀fun tó pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Kánò lọ́dún 2023. Inú máa ń bí mi sí òbí tó bá ní abẹ́rẹ́ kò wúlò.

Ẹ̀pà ló kù. Ọmọ tó ń ṣeré wẹ́rẹ́, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tí èémí rẹ̀ ń dún lójijì, nǹkan ló há a lọ́fun títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ń wúkọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa wú u. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ ó kàn tì í wọlé sí i ni. Bí kò bá lè wúkọ́ tàbí sunkún mọ́, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan, ẹ da ojú rẹ̀ dé orí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì nígbà 5. Ẹ yí i padà, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 5. Èyí tó bá ti ju ọmọ ọdún kan lọ, ẹ gbá ẹ̀yìn tiẹ̀ náà nígbà 5, kí ẹ wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, kí ẹ fà á wọlé sókè nígbà 5. Ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe. Bó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, ẹ máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹlòmíràn pe 112.

Ariwo tó bá dáwọ́ dúró kì í ṣe ìwòsàn ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀pà lè yọ́ kúrò lọ́fun lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ilé máa dúpẹ́. X-ray kì í sábà rí ẹ̀pà, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀pà lọmọ ń jẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò yẹ lẹ́ni tí à ń bu ẹ̀pà fún lódindi. Ẹ lọ̀ ọ́ fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ pe nọ́ọ̀sì kan wá kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé, kó fi ọmọlángidi kọ́ àwọn tíṣà yín ní bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan tó bá há ọmọ lọ́fun. Ẹ̀yin òbí, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sanwó ilé-ìwé, ẹ béèrè ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbá ẹ̀yìn ọmọ níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ mú owó yín, kí ẹ gba ibòmíràn lọ.