Ẹ̀rí Ojú àti Àṣírí Ológun

Bí ènìyàn bá rí ohun àjèjì, tí ó sáré wálé láti ròyìn rẹ̀, tí àwọn ará ilé sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í tán nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀ràn irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ará Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ojú ọ̀run ni wọ́n sì gbé ojú sókè wò.

Ní ọdún 1947, awakọ̀ bàálù kan tí ń jẹ́ Kenneth Arnold sọ pé òun rí ohun mẹ́sàn-án tí ń dán, tí wọ́n ń fò lẹ́bàá Òkè Rainier. Àwọn oníwèé ìròyìn sọ wọ́n ní àwo tí ń fò, kò sì pẹ́ tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fi ń wọlé láti ìlú gbogbo. Àkókò náà ni Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń fura sí ara wọn gidigidi, nítorí náà ọ̀rọ̀ di ti ológun. Láti ọdún 1952, ẹ̀ka ìwádìí tí wọ́n pè ní Project Blue Book jókòó sí ibùdó Wright-Patterson ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ohun tí aráàlú fẹ́ mọ̀ ni, "Kí ni mo rí?" Ohun tí ológun fẹ́ mọ̀ ni, "Ṣé ó lè pa wá lára?"

Wọn a fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí ẹni tó ròyìn: aago mélòó ni, ṣé ó dún, báwo ni ó ti tóbi tó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ọmọwé J. Allen Hynek, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ni olùdámọ̀ràn wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń jẹ́ ìràwọ̀ tàbí bàlúùnù, tàbí Àgùàlà, èyí tí àwọn baba wa ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́ pé kì í ṣe ajá òṣùpá.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Ògún ọdún 1955, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA bẹ̀rẹ̀ sí í dán bàálù amí kan wò, U-2 lorúkọ rẹ̀. Bàálù akérò ìgbà náà kì í sábà ga ju 20,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. U-2 ń fò lókè 60,000. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú fún bàálù tó wà nísàlẹ̀, oòrùn ṣì ń ràn sí ìyẹ́ fàdákà tó wà lókè réré, yóò sì máa kọ mọ̀nà bí iná. Àwọn awakọ̀ rí i, wọ́n sì kọ lẹ́tà.

Gerald Haines, òpìtàn CIA, kọ ọ́ ní ọdún 1997 pé àwọn òṣìṣẹ́ Blue Book máa ń fi ọjọ́ inú lẹ́tà wé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò U-2. Wọ́n mọ ohun tí ẹni náà rí. Síbẹ̀, wọn a dá a lóhùn pé yìnyín inú afẹ́fẹ́ ni, tàbí ooru àti òtútù tó pàdé lójú ọ̀run. Ó ní ìròyìn tó lé ní ìdajì láàárín ìgbà náà ni ó jẹ́ bàálù amí. Àwọn olùwádìí mìíràn kò gbà pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

N kò bá wọn wí pé wọ́n pa àṣírí mọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí a sọ fún ènìyàn pé a kò lè sọ. Ọ̀tọ̀ ni kí a sọ fún awakọ̀ tó ti ń fò láti ogún ọdún pé ojú rẹ̀ tàn án jẹ.

Nígbà tó di ọdún 1966, àwọn ará Michigan rí iná lórí ilẹ̀ àbàtà. Hynek ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ afẹ́fẹ́ inú àbàtà ló ń jó. Orílẹ̀-èdè rẹ́rìn-ín, inú àwọn tó rí i sì bàjẹ́, títí tí aṣojú wọn, Gerald Ford, ẹni tó padà di ààrẹ, fi ní kí ilé aṣòfin wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n ti Blue Book pa ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1969. Nínú ìròyìn 12,618, wọn kò rí àlàyé fún 701. Àwọn fáìlì náà wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé ìjọba Amẹ́ríkà báyìí, ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n. Àwòrán tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn yà ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ wọn ni a ti pa rẹ́.