Ẹ Má Jẹ́ Kí Áàpù Yan Orin fún Yín

Ẹ̀yin ará wa l'Ókè Ọya! Àwọn ọmọ wa ló ń sọ pé ká da mẹ́mórì káàdì nù, pé gbogbo orin ti wà lórí Spotify àti Boomplay. Irọ́ ni! Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé bàbá yín ní Sabon Gari, tí onílù ti ki ìdílé yín dópin, orí áàpù wo ló wà?

Mi ò ní wọn ò dáa o. Láti oṣù kejì ọdún 2021 tí Spotify ti wọ Nàìjíríà, ó ti wúlò fún ẹni tó ń wá orin tuntun lójoojúmọ́. Àmọ́ orin tẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó lè gbà sílẹ̀ níbẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá tan dátà lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́, kò ní kọ mọ́. Ẹ ò rà á, ẹ kàn yá a ni.

Èmi, orin àtijọ́ ni mò ń gbọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú ayé Obey àti Sunny Adé, ojú kan rẹ̀ sábà máa ń lọ láìdúró fún bí ìṣẹ́jú 18. Kí ni èmi fẹ́ fi shuffle ṣe? Ètò tó ń to orin ọwọ́ ẹni ló yẹ irú wa: VLC lórí fóònù, MusicBee lórí kọ̀ǹpútà Windows. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan tá a sọ di MP3 ní 128 kbps kò ju bí 60 MB lọ. 100 irú ẹ̀ ò lè kún káàdì 8 GB.

Wọ́n ní wàhálà tiwọn náà, mi ò ní bò ó. Àlàyé inú fáìlì ni wọ́n fi ń to orin. Èyí tá a gbà látinú kásẹ́ẹ̀tì kì í ní in, àfi ká fọwọ́ kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ "Barrister" síbí, tẹ́ ẹ kọ "Ayinde Barrister" sọ́hùn-ún, wọ́n á sọ ẹnì kan di méjì. Bẹ́ ẹ ò bá ní sùúrù ẹ̀, ẹ to orin sí fódà, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ látibẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín: kí ni mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣé tèmi ni, àbí mo yá a? Ṣé mo máa ń gbọ́ ọ tán?

Ọmọ tá a bí sí Jos, tí Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, inú kásẹ́ẹ̀tì yìí ló ti ń gbọ́ oríkì Ògbómọ̀ṣọ́. Tá a bá dà á nù, ta ló máa kì í fún un? Áàpù?

Ẹni tí ò bá gbà, kó fèsì. Mo wà níbí.