Rákẹ́ẹ̀tì Wo Ni Kí A Rà Fún Ọmọ?

Ìgbà ìsinmi ni àwọn ọmọ máa ń bèèrè ohun eré ìdárayá, àwọn kan a sì bèèrè rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì. Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lé e lórí, nítorí àwa náà ti fi owó wa ra ìrora fún ọmọ rí.

Ọmọ ọdún 9 ni nígbà náà. A rí rákẹ́ẹ̀tì àgbà kan tí wọ́n kọ orúkọ ògbóǹtarìgì sí lára. Ẹni tí ń tà á ní ọmọ yóò dàgbà bá a, a sì gbà, bí a ti máa ń ra bàtà tó tóbi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ fi ń di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú nídìí oúnjẹ. Kò sọ fún wa, nítorí ó mọ iye tí a ná. Èyí dùn wá ju owó náà lọ.

A kò mọ̀ pé ti àgbà gùn tó íǹṣì 27, àti pé ti ọmọdé wà ní íǹṣì 19, 21, 23, 25 àti 26. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró ṣánṣán, kí ó na rákẹ́ẹ̀tì sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Bí ó bá ní láti ká apá kò kí orí rẹ̀ má baà gbá ilẹ̀, ó ti gùn jù.

Ní ti àwọn tó ń ṣe é, ẹ ó rí Wilson ti Amẹ́ríkà, Head, Yonex ti Japan, àti Babolat ti Faransé, tó ti ń ṣe okùn rákẹ́ẹ̀tì láti ọdún 1875 ṣùgbọ́n tí kò ṣe rákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ títí di 1994. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe èyí tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo, nítorí náà orúkọ nìkan kò sọ púpọ̀ fún wa. Serena Williams lo Wilson, Rafael Nadal lo Babolat. Ṣùgbọ́n àwọn ògbóǹtarìgì a máa jẹ́ kí wọ́n fi ìwúwo kún tiwọn, ọ̀dà kan náà ni ẹ kàn ń rí ní ilé ìtajà.

Nọ́ńbà ni kí ẹ wò. Àgbà tó ń kọ́ eré yìí lè mú èyí tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 260 sí 285, tí ojú rẹ̀ tó íǹṣì 100 níbùú-lóòró tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ojú tó fẹ̀ a máa dárí àṣìṣe jini. Bí ẹ bá di ìdìmú rẹ̀ mú, ìka ọwọ́ kejì yẹ kó lè wọ àárín orí ìka yín àti àtẹ́lẹwọ́. Okùn náà ńkọ́? Polyester le, ó sì ń gbọ̀n apá. Náílọ́ọ̀nù rọ̀ jù ú lọ. Èyí tí wọ́n fi ìfun màlúù ṣe ló dára jù fún apá, ṣùgbọ́n ó wọ́n, omi sì ń bà á jẹ́.

Lẹ́yìn tí apá ọmọ wa sinmi, a ra àlòkù alumíníọ̀mù íǹṣì 25 fún un. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.